Ẹ Má Jẹ́ Kí Iyọ̀ Jẹ Ríìlì Yín

Olóòtú ìwé wa yìí ló ní kí n kọ èyí. Ó ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá gbé ríìlì wá sí yàrá mi ni mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, pé ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi lè sinmi. Mo gbà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá wa lọ sí Whitby àti Scarborough nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ bí ó ti máa ń rí. Nínú ọkọ̀ tí a fi ń padà sí Leeds, ẹja ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ẹni tó pa mẹ́wàá ń fi mẹ́wàá rẹ̀ yangàn, ẹni tí kò pa ju ẹyọ kan lọ ń ṣàlàyé bí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ òun ti tóbi tó, ẹlòmíràn sì ti ń ṣírò iye ata tí òun yóò lọ̀ sí i. Ẹja tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mackerel yìí kúkú ni Títù tí a ń rà lọ́jà nílé pẹ̀lú yìnyín lára rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ríìlì wà nínú àpò lábẹ́ ìjókòó, tòun ti omi òkun lára rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ro tirẹ̀. Bí a bá délé, a ó din ẹja, a ó jẹ ẹja, a ó sùn. Nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé, ìwé ti dé. Ríìlì yóò wà nínú àpò yẹn fún oṣù kan, nígbà mìíràn títí di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì.

Lẹ́yìn náà ni n óò gbọ́ ìró lẹ́nu ọ̀nà mi. “Bọ̀dá, kò yí mọ́ o.”

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mẹ́fà ni mo tú. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ pé eyín inú rẹ̀ ló kán, nítorí pé wọ́n ra èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ ní ọjà. Márùn-ún yòókù, iyọ̀ ló ṣe wọ́n. Mẹ́ta nínú wọn ni mo rí tún ṣe. Méjì ti kọjá àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú méjì yìí kò tíì pé ọdún kan tí ẹni tó ni ín fi owó oṣù méjì tó ń rí níbi iṣẹ́ alẹ́ rà á. Èyí ló dùn mí jù. Gbogbo wa la mọ ohun tí owó iṣẹ́ alẹ́ jẹ́.

Fún àǹfààní ẹni tí kò tíì di ọ̀kan mú rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ríìlì jẹ́. Nílé, apẹja púpọ̀ kò nílò rẹ̀. Apẹja Ẹ̀pẹ́ tàbí ti Ìlàjẹ ní àwọ̀n, ó ní ìgèrè, ó ní ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ibi tí ẹja wà, bí ó bá sì fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń fa okùn. Àwa tí a dúró sórí afárá òkun láìní ọkọ̀, àfi kí a ju ìwọ̀ jìnnà. Ríìlì ni ẹ̀rọ kékeré tí a dè mọ́ ọ̀pá ìwọ̀, tí okùn ká mọ́ àgbá kan lórí rẹ̀. Bí a bá ju ìwọ̀, okùn á tú. Bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀, okùn á ká padà. Irú èyí tí púpọ̀ nínú wa ní, tó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ ọ̀pá, Alfred Holden Illingworth ló gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1905. Ará Bradford ni, níbi tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, òwò irun àgùntàn ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹni tó bá ti rí ilé iṣẹ́ ìrànwú rí yóò mọ ibi tí ọgbọ́n náà ti wá: àgbá kò yí rárá nígbà tí a bá ju ìwọ̀, orí rẹ̀ ni okùn ti ń yọ́ kúrò, gẹ́gẹ́ bí òwú ti ń yọ́ kúrò lórí kẹ̀kẹ́.

Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, wíìlì eléyín ńlá kan wà tó ń yí wíìlì eléyín kékeré kan. Bí ẹ bá yí ọwọ́ ríìlì lẹ́ẹ̀kan, orí rẹ̀ tó gbé apá wáyà dání yóò yí nǹkan bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Nínú ọ̀pọ̀ ríìlì, idẹ ni kékeré, àdàlù irin rírọ̀ fífúyẹ́ ni ńlá, irin líle ni ọ̀pá tó gba àárín wọn kọjá, aluminium sì ni ara rẹ̀ lóde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, pé irin oríṣìíríṣìí ló wà nínú ilé kan ṣoṣo, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Ẹ bù ú sórí abọ́ kí ẹ wò ó: ó tó ṣíbí ńlá méjì. Omi á gbẹ kúrò lára ríìlì, iyọ̀ ò ní bá a lọ. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó sì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, débi pé ríìlì tí ẹ rò pé ó gbẹ nínú àpò kò gbẹ rárá. Bí irin méjì tí kì í ṣe oríṣi kan náà bá sì fara kan ara wọn, tí omi iyọ̀ wà láàárín wọn, ohun kan náà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì ni yóò máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: iná tí kò tó nǹkan yóò máa ṣàn, ọ̀kan nínú irin méjèèjì ni yóò sì máa jẹ dànù. Irin lásán á dípẹtà, á pọ́n. Aluminium kì í pọ́n ní tirẹ̀, ìyẹ̀fun funfun bí èlùbọ́ láfún ló máa ń hù lára. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun yìí lẹ́bàá súkúrù, iyọ̀ ti wọlé nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní ṣe ohunkóhun mìíràn tí mo kọ síhìn-ín, ẹ ṣe èyí: lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ti òkun dé, kí ẹ tó jẹun, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan ríìlì yín. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ kọ́kọ́ fún bíréèkì rẹ̀, ìyẹn kókó tó wà níwájú àgbá, títí yóò fi le, kí omi má baà ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ ṣí omi tútù díẹ̀ sí i, kí ó máa rọ̀ sí i lára bí òjò wẹliwẹli, kí ẹ sì máa yí ọwọ́ rẹ̀ bí omi ti ń lọ. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ gbé e sórí táwẹ́ẹ̀lì títí di òwúrọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tú bíréèkì yẹn kí ó dẹ̀, nítorí bí ẹ bá fún un sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, àwọn wáṣà inú rẹ̀ á tẹ̀ pẹlẹbẹ, wọn ò sì ní lè mú okùn dáadáa mọ́.

Mo ti rí ẹni tó rì tirẹ̀ sínú báàfù. Mo ti rí ẹni tó fi omi gbígbóná tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ mọ́tò. Àwọn méjèèjì rò pé ìtọ́jú ni àwọn ń ṣe. Omi tó ní agbára kì í lé iyọ̀ jáde. Ó ń tì í wọlé ni, ó ń tì í kọjá gírísì tó yẹ kó dí i lọ́nà, tòun ti iyanrìn. Omi gbígbóná sì ń yọ́ gírísì. Bákan náà, ẹ má gbé e lé orí ẹ̀rọ amúlégbóná pé kí ó tètè gbẹ.

Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, ẹ wo apá wáyà rẹ̀. Ní ìkángun apá náà, róólà kékeré kan wà tí kò tóbi ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ, orí rẹ̀ ni okùn tútù ń gbà kọjá láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nínú gbogbo ara ríìlì, èmi gbà pé òun ló ń jìyà jù, òun náà sì ni a kì í rí. Bí róólà yìí bá gan tí kò yí mọ́, okùn á máa ha á lójú kan náà, á gbẹ́ ihò tóóró sí i lára bí okùn kànga ti ń gbẹ́ etí kànga. Láti ọjọ́ náà lọ, ihò yìí ni yóò máa gé okùn yín, kò sì ní gé e nígbà tí ẹja kékeré bá wà níbẹ̀; ọjọ́ tí ẹja gidi bá gbé e ni yóò gé e. Ẹ̀kán epo kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ róólà yìí lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ fi ìka yí i wò. Bí kò bá yí, ẹ má tíì lọ sí òkun.

Mo ti sọ epo, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ epo àti gírísì ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ẹ rántí aránṣọ àdúgbò yín nílé. Aránṣọ tó mọ iṣẹ́ kì í fi gírísì sí gbogbo ara maṣínnì rẹ̀. Agolo epo kékeré ẹlẹ́nu gígùn ló ní, ó ń kán an síbí, ó ń kán an sọ́hùn-ún, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá rántí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò ṣe, bí wọ́n ti ń fi ìka bu gírísì sínú béárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Ohun tó bá ń yí kíákíá láì gbé ẹrù, epo ló fẹ́: béárìn kéékèèké orí ríìlì, róólà, kókó ọwọ́ tí ẹ ń dì mú, oríkèé apá wáyà. Níbi tí eyín bá ti ń tẹ eyín, gírísì ni, nítorí epo á ti sá kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ká okùn lẹ́ẹ̀mejì. Epo maṣínnì ìránṣọ gan-an dára fún ibi epo. Ní ti gírísì, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ríìlì tàbí fún ọkọ̀ ojú omi, tí omi kì í tètè ṣàn kúrò. Agolo kékeré kan yóò tó ènìyàn mẹ́wàá fún ọdún púpọ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí olúkúlùkù fi gbọ́dọ̀ ra tirẹ̀.

Òróró ìdáná ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè, nítorí ẹnì kan ti ṣe é. Òróró ẹ̀pà àti irú rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó dára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá pẹ́, afẹ́fẹ́ á mú un ki, á máa lẹ̀ mọ́ra bí ìdí ìkòkò tí a fi dín dòdò tí a kò fọ̀. Ríìlì tí òróró ẹ̀pà ti gan mọ́ nínú ṣòro láti fọ̀ ju èyí tí iyọ̀ jẹ lọ. Vaseline sàn díẹ̀, àmọ́ yíyọ́ ló máa ń yọ́ bí oòrùn bá pa á.

Èyí tó gbilẹ̀ jù láàárín wa ni agolo WD-40. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é ní 1953, iṣẹ́ tí wọ́n sì ṣe é fún wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an: kí ó lé omi kúrò lára irin. Ogójì inú orúkọ náà ni iye ìgbà tí wọ́n gbìyànjú kó tó gún. Ohun tó dára ni, ó ń tú súkúrù tó ti gan. Àmọ́ bí ẹ bá fọ́n ọn sínú ríìlì, ohun tó kọ́kọ́ máa ṣe ni pé yóò yọ́ gírísì tó wà níbẹ̀, yóò sì gbé e ṣàn lọ. Èyí tó pọ̀ nínú òun fúnra rẹ̀ á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ báyìí ni yóò kù. Ríìlì á yí bí ọyẹ́ fún ọjọ́ méjì, inú ẹni tó ni ín á dùn. Lẹ́yìn náà ni eyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eyín láìsí nǹkan láàárín wọn.

Ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó yẹ kí a tú ríìlì wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń pẹja nínú odò ní ilẹ̀ England kò ní àwáwí, nítorí láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pẹja nínú àwọn odò tó ń ṣàn, àyàfi ẹja ìdílé salmon àti trout tí wọ́n ní òfin tiwọn. Àwa elétí òkun a máa ń ṣe tiwa nígbà òtútù. Kò sí ohun tó le nínú rẹ̀ ju pé kí ènìyàn fara balẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì funfun sórí tábìlì, kí nǹkan kékeré má baà yí lọ. Ẹ jìnnà sí ojú ìfọwọ́ nínú balùwẹ̀. Ihò rẹ̀ ti gbé súkúrù mi kan mì tí mi ò tún rí mọ́. Ẹ mú páálí ẹyin tó ṣófo, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí ihò kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ tú kó wà nínú ihò kìíní, èyí tó tẹ̀ lé e nínú ìkejì, títí lọ. Bí ẹ bá ti tú nǹkan kan, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó tú èyí tó kàn. Àwòrán ogún kò pọ̀ jù. Bí ìwé tó bá ríìlì wá láti ilé ìtajà bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó rí àwòrán gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ níbẹ̀.

Àgbá okùn ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì tó di orí rẹ̀ mú. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí. Nínú àwọn ríìlì kan, nọ́ọ̀tì tàbí súkúrù ọwọ́ kan máa ń tú sí òdìkejì ọ̀nà tí gbogbo nǹkan ayé ń gbà tú. Bí ẹ bá rí i pé kò tú, ẹ má fi agbára kún un. Ẹ gbìyànjú ọ̀nà kejì. Ẹ lo irin ìtúsúkúrù tí ẹnu rẹ̀ bá orí súkúrù mu gẹ́lẹ́. Èyí tó kéré á jẹ orí rẹ̀ dànù, ọ̀ràn mìíràn sì dé nìyẹn. Síríńgì apá wáyà a máa fò bí tata, nítorí náà inú ọ̀rá ńlá tó mọ́ gaara ni kí ẹ ti ọwọ́ bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tú u, bó bá fò, inú ọ̀rá ni yóò wà.

Bí ẹ bá ti ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí àwọn wáṣà tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ béárìn tàbí mọ́ wíìlì eléyín. Gírísì ló mú wọn lẹ̀, ojú sì lè fo wọ́n. Ẹ má ju aṣọ ìnugírísì nù láì tú u wò, torí wáṣà bẹ́ẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí eyín pàdé eyín ní ibi tó yẹ. Bí ẹyọ kan bá sọnù, ríìlì á máa dún bí ọlọ.

Ẹ fi aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó nu gírísì àtijọ́ kúrò títí irin yóò fi hàn. Ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó fún ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, bí ẹ bá ti máa jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Fún béárìn, sípíríìtì díẹ̀ nínú ife kékeré: ẹ rì í, ẹ yí i, ẹ gbé e jáde, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá kán epo kan tàbí méjì sí i. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tan iná nítòsí. Ẹni tó bá gbé bẹntiróòlù wọ inú yàrá akẹ́kọ̀ọ́, n kò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tí ẹ bá ń fi gírísì tuntun sí i, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì kékeré, kí ó wà lára eyín fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìpara lójú ènìyàn, kì í ṣe bí bọ́tà lórí búrẹ́dì. Ní ilẹ̀ yìí, gírísì tó pọ̀ á ki nínú òtútù, ọwọ́ ríìlì á sì wúwo. Ibì kan sì wà tí gírísì kò gbọ́dọ̀ dé rárá: lábẹ́ orí ríìlì òde òní, béárìn kan wà tó ń jẹ́ kí ó yí síwájú nìkan, tí kì í jẹ́ kí ó yí sẹ́yìn. Gbígbẹ ló fẹ́ wà, bóyá pẹ̀lú òjìji epo. Bí gírísì bá wọ ibẹ̀, á máa yọ̀, ọwọ́ á sì máa ta sẹ́yìn nígbà tí ẹja bá fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáṣà bíréèkì. Tí ẹ bá bá wọn ní gbígbẹ, ẹ dá wọn padà ní gbígbẹ; èyí tó bá ní gírísì lára láti ilé tí wọ́n ti ṣe é, gírísì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì nìkan ni kí ẹ fi sí i. Ẹ tò wọ́n padà gẹ́lẹ́ bí ẹ ti bá wọn.

Ọ̀kan ṣì kù tí mo fẹ́ sọ, kò sì sí lára mẹ́fà tí mo kà lókè. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ìwé oyè ọ̀mọ̀wé gbé ríìlì kan wá láti Ìbàdàn lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀. Mitchell 300 ni, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Cluses nílẹ̀ Faransé, tó gbajúmọ̀ gidigidi nígbà náà. Bàbá náà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níhìn-ín láàárín 1974 sí 1977, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó pẹja rí títí wọ́n fi ṣí àpótí rẹ̀. Aṣọ àdìrẹ ló wé ríìlì náà mọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa máa fi dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀mú ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi gbá ọwọ́ ríìlì mú, ó fẹ́ fi agbára yí i.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ gbé ẹ̀mú yẹn sílẹ̀.”

Ó ní, “Ó ti kú ni, àbúrò. Kò sí ohun tí mo lè bà jẹ́ níbẹ̀ mọ́.”

Kò tíì kú. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko. Nígbà tí a ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sí ìpẹtà níbẹ̀ rárá. Gírísì tí bàbá náà fi sí i ló ti gbẹ láti ọdún yìí wá, ó ti di dúdú, ó gan bí ìda, ó di gbogbo eyín pọ̀. Bí ó bá ti yí i pẹ̀lú ẹ̀mú yẹn, eyín ì bá kán ni. A gbé gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ kẹrosíìnì ní ẹ̀yìnkùlé di ọjọ́ kejì, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ láti eyín dé eyín. Odindi ọjọ́ Sátidé la lò. Nígbà tí ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀pá àárín rẹ̀ mì, ó sì lọ sókè sódò.

Ní ìdí abọ́ kẹrosíìnì, a rí hóró iyanrìn díẹ̀. Iyanrìn etí òkun ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ etí òkun tó ti wá. Ẹ̀gbọ́n wa sẹ́ kẹrosíìnì náà, ó fi ìwé pélébé di iyanrìn yẹn, ó sì fi í sínú àpò owó rẹ̀. Okùn àtijọ́ tó wà lórí àgbá ti gbó, ó ń já bí a bá fà á díẹ̀, nítorí okùn ọ̀rá kì í pẹ́ tó irin. Mo ní kí ó gé e sí wẹ́wẹ́ kí ó tó dà á nù, kí ó má baà dè mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ. Kò dà á nù. Ó ká a mọ́ páálí, ó gbé e sílé, ó ra tuntun.

Ní oṣù Kẹjọ, ó fi Mitchell yẹn pa Títù mẹ́ta ní Scarborough. Ó ń dún díẹ̀ bó bá ń yí, bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ìjókòó, ṣùgbọ́n ó ń yí. Mo gbọ́ pé kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti ṣan án.

Agolo gírísì àti epo maṣínnì ẹgbẹ́ wà ní yàrá mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ tú tirẹ̀ kí òkun tó tún móoru, ọjọ́ Sátidé ló dára jù, láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ mú táwẹ́ẹ̀lì yín dání, àti páálí ẹyin. Tèmi ti kún.